Góòlù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú díwọ̀n: Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó tà á tàbí kó tó ní kí wọ́n tún un rọ

Ká ní ìyá kan wà ní Akotogbo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, tó ń ṣe epo pupa, tó sì ń ta púpúrú. Lọ́dún 2005 tí ọjà dára fún un, ó ra ẹ̀gbà ọrùn góòlù kan, ó wé e sínú àkísà funfun, ó kì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Bóyá ló wọ̀ ọ́ ju ìgbà mẹ́ta lọ. Nígbà tí owó iléèwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ délẹ̀, ó tú ìdì náà, ó wọ mọ́tò, ó di Òkìtìpupa. Ẹni tó fẹ́ rà á gbé e sórí ìwọ̀n, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Màmá, góòlù yín yìí ò fi bẹ́ẹ̀ dáa o," ló bá dárúkọ iye kan. Ṣé kí ìyá yìí gbà á ni, àbí kó gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ẹni tó ń rà mọ ìṣirò góòlù, ẹni tó ń tà kò mọ̀ ọ́n.

Owó kékeré kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2005, nǹkan bíi 445 dọ́là ni ìpíndọ́gba owó áúǹsì wúrà kan lọ́jà àgbáyé. Áúǹsì tí wọ́n fi ń wọn wúrà jẹ́ gíráàmù 31.1, dọ́là kan kò sì ju nǹkan bíi 132 náírà lọ nígbà náà. Bí èèyàn bá ṣe ìṣirò rẹ̀, gíráàmù kan ògidì wúrà kò tó 2,000 náírà. Ní oṣù keje ọdún 2020, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ra kílógíráàmù 12.5 lára wúrà tí wọ́n wà nílẹ̀ yìí, 268 mílíọ̀nù náírà ni wọ́n san, ìyẹn sì lé díẹ̀ ní 21,000 náírà fún gíráàmù kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2025, áúǹsì kan ti kọjá 4,000 dọ́là, náírà náà sì ti wálẹ̀ gan-an, gíráàmù kan ti lé ní 180,000 náírà. Ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi owó epo rà lọ́jọ́ kìíní àná ti di owó ilé.

Èyí kò sọ pé wúrà kì í já wálẹ̀ o. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, ó dé 850 dọ́là fún áúǹsì kan. Lọ́dún 1999, ó ti já wá sí nǹkan bíi 253. Ẹni tó rà á lọ́jọ́ tó wọ́n jù lọ yẹn, tó sì ń fi dọ́là ka owó rẹ̀, dúró títí di ọdún 2008 kó tó rí iye tó fi rà á. Ọmọ Nàìjíríà kò mọ ìyà yẹn lára tó bẹ́ẹ̀, torí pé náírà náà wálẹ̀ gan-an láàárín àkókò yẹn, ọ̀kan ń bo ti èkejì.

Ẹni bá wa kànga lójúde Akotogbo kò ní kan wúrà. Iyanrìn àti amọ̀ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tò jọ lórí ara wọn, bítúmẹ̀nì, ìyẹn ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ káàkiri agbègbè yẹn. Inú àpáta àtayébáyé ni wúrà ń gbé, irú èyí tó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà ìwáṣẹ̀, góòlù kọ́ ni wọ́n fi ń mọ olówó tàbí ọba nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ọba Ìkálẹ̀ tó bá jáde láìsí iyùn lọ́rùn, àfi bí ẹni pé kò tíì múra. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Bìní tó jẹ́ aládùúgbò wọn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun kí òyìnbó kankan tó débí. Ohun tó ń tẹ̀ lé ìlẹ̀kẹ̀ ni idẹ: idẹ ni ti Ọ̀ṣun, idẹ ni wọ́n fi ń rọ ẹdan Ògbóni.

Wúrà wà nítòsí ṣùgbọ́n kò kọjá lọ́dọ̀ wa. Òkìkí wúrà àwọn ọba Mali kàn gan-an. Nígbà tí Mansa Musa ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún 1324, ó ná wúrà ní Káírò débi pé iye rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jà ìlú náà. Nígbà tó di ọdún 1482, àwọn Potogí kọ́ odi Elmina sétí òkun, ní ibi tí à ń pè ní Gánà lónìí, kí wọ́n lè máa ra wúrà lọ́wọ́ àwọn Akan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan etíkun tiwa. Àwọn Akan ń fẹ́ ẹrú tí yóò máa bá wọn ru ẹrù, tí yóò sì máa bá wọn ṣiṣẹ́, Potogí sì ń wá ẹrú náà rà ní Bìní àti lágbègbè rẹ̀. Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gá atukọ̀ kan láàárín wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508 pé ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ni wọ́n ń fi ra èèyàn kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Idẹ wọlé síbí, èèyàn jáde lọ sí Elmina, wúrà bọ́ sọ́wọ́ Potogí. Àwọn tó ń sọ pé wúrà mọ́ tónítóní kò ka ìwé yẹn.

Ọ̀rọ̀ wúrà tilẹ̀ Yorúbà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìjọba òyìnbó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á gẹ́gẹ́ bí òwò, ó sì gbóná jù lọ láàárín ọdún 1930 sí 1940, lẹ́yìn náà ló rọlẹ̀. Oṣù keje ọdún 2021 ni iléeṣẹ́ ńlá kan, Thor Explorations, yọ́ wúrà àkọ́kọ́ jáde ní ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á rẹ́rìn-ín sí orúkọ yẹn: ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ni wọ́n fi orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ pè. Iléeṣẹ́ ńlá nìkan kọ́ ló ń wà á ṣá. Àwọn tó ń fi ọwọ́ wà á pọ̀ káàkiri, ewu rẹ̀ sì wà. Lọ́dún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, wọ́n ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé láìmọ̀ pé òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Eruku òjé náà pa ọmọdé tó lé ní 400.

Ká wá padà sórí ẹ̀gbà ọrùn màmá wa. Ó dára kéèyàn ya orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀ níbí: wúrà ni ògidì, góòlù ni ohun tí èèyàn wọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni owó wà.

Ògidì wúrà kì í bá nǹkan jà. Irin ń dípẹtà, bàbà ń yọ àwọ̀ ewé, fàdákà ń dúdú bí imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́, omi àti òógùn kì í mú wúrà. Èyí tí wọ́n bá hú jáde nínú ibojì àwọn ọba Íjíbítì, lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta, ṣì ń dán. Ásíìdì náítíríìkì tó ń jẹ bàbà àti fàdákà bí ẹni jẹ ṣúgà, kò rí i ṣe. Ásíìdì oníyọ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní háídírókílóríìkì, kò lè dá a jẹ. Àfi bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀: ti àkọ́kọ́ á já wúrà díẹ̀díẹ̀, kílórínì inú ìkejì á sì dì í mú kó má lè padà. Bẹ́ẹ̀ ni wúrà á ṣe yọ́ sínú omi. Torí pé ó lè ṣe èyí fún wúrà ni àwọn ará àtijọ́ ṣe pè é ní omi ọba.

Ṣùgbọ́n ògidì wúrà rọ̀ jù. Gíráàmù kan péré, bí alágbẹ̀dẹ bá fi sùúrù lù ú, ó lè tẹ́ débi tí yóò fi fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró. Òrùka tí wọ́n bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe láìpo nǹkan kan mọ́ ọn, ìyàwó tó ń fọ abọ́ á tẹ̀ ẹ́ po. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń po bàbà àti fàdákà mọ́ ọn. Kárátì ló ń sọ bí wọ́n ṣe pò ó. Wọ́n pín in sí ọ̀nà 24: èyí tó jẹ́ wúrà ní gbogbo ọ̀nà 24 ni kárátì 24, èyí tó jẹ́ wúrà ní ọ̀nà 18, tí ọ̀nà 6 tó kù jẹ́ nǹkan mìíràn, ni kárátì 18. Nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìkọ́ tàbí sínú òrùka, ohun kan náà ló ń sọ, ìdá ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi kà á. 916 ni kárátì 22, 875 ni kárátì 21, 750 ni kárátì 18, 585 ni kárátì 14, 375 ni kárátì 9. Ẹni tó ra 375 mọ̀ pé ohun tó wà lọ́rùn òun kò tó ìdajì wúrà, ìyókù jẹ́ bàbà, fàdákà àti síǹkì. Bí irú rẹ̀ bá sì dúdú díẹ̀ lọ́rùn, kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Bàbà inú rẹ̀ ló ń dúdú, kì í ṣe wúrà.

Àwọ̀ náà ń tan àwọn èèyàn. Góòlù tó pọ́n kò dára ju èyí tó yòò lọ, bàbà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Góòlù funfun náà, níkẹ́ẹ̀lì tàbí pàládíọ́ọ̀mù ni wọ́n pò mọ́ ọn kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí padà. Nọ́ńbà ni kéèyàn wò, nọ́ńbà náà kò sì tó. Ní Ìlú Ọba, láti ọdún 1300 ni òfin ti wà pé kí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà wò, ibẹ̀ ni èdìdì tí wọ́n ń tẹ̀ sí ara góòlù wọn ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ń tẹ 750, ẹnikẹ́ni ló lè ní in, ó sì lè fi tẹ̀ ẹ́ sára idẹ.

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà gan-an, ó yẹ kéèyàn fún wọn ní ọ̀wọ̀ wọn. Ọgbọ́n rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ wa ju wúrà fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn orí ọba tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938, ìda oyin ni wọ́n fi mọ wọ́n kọ́kọ́. Wọ́n á mọ nǹkan náà ní ìda, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á sun amọ̀ náà kí ìda yọ́ jáde, wọ́n á wá da idẹ tàbí bàbà yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ Igun ní Bìní ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn Asante sì ń fi ọ̀nà kan náà rọ wúrà tiwọn.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kò gbọn-in tó yẹn. Bí oníbàárà bá kó góòlù àtijọ́ wá pé kí wọ́n fi ṣe yẹtí tuntun fún ọmọ òun tó fẹ́ lọ sílé ọkọ, alágbẹ̀dẹ á wọ̀n ọ́n, á gé e, á kó o sínú ìkòkò amọ̀ kékeré tí iná kò lè fọ́. Ògidì wúrà ń yọ́ bí iná bá ti gbóná dé 1,064 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì, góòlù tí wọ́n po nǹkan mọ́ sábà máa ń tètè yọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò wọ́n bórákìsì sí i, ìyẹfun funfun kan tó ń kó ìdọ̀tí jọ sójú kí wúrà lè mọ́ nísàlẹ̀. Yóò dà á sínú irin oníkòtò, á lù ú, á yí i nínú ẹ̀rọ, á fà á gba inú irin oníhò kéékèèké títí tí yóò fi di wáyà. Bí ó ti ń lù ú ni góòlù náà á máa le, á sì fẹ́ máa ya. Ìgbà náà ló gbọ́dọ̀ dá iná mọ́ ọn kó lè tún rọ̀. Ó ń lo góòlù tí kárátì rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ láti fi jó ojú ibi méjì pọ̀, torí ìyẹn á ti yọ́ kí ohun tí wọ́n ń jó tó yọ́. Góòlù díẹ̀ máa ń ṣòfò sínú eruku tó ń bọ́ lára fáìlì, alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ a sì máa gbá eruku tábìlì rẹ̀ pa mọ́. Ìyẹn kì í ṣe olè.

Olè ibẹ̀ rèé. Ká ní góòlù tí màmá gbé wá jẹ́ gíráàmù 20, kárátì 22. Wúrà tó wà nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní gíráàmù 18.3. Bí ẹni tó ń yọ́ ọ bá bu gíráàmù 4 nínú rẹ̀ sápò, tó sì fi bàbà òun fàdákà gíráàmù 4 dípò, nígbà tí wọ́n bá gbé yẹtí òun ẹ̀gbà tuntun sórí ìwọ̀n, gíráàmù 20 ni yóò tún jẹ́. Màmá á dúpẹ́, á sanwó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wúrà tó kù níbẹ̀ kò tó gíráàmù 14.7, góòlù rẹ̀ kò tó kárátì 18 mọ́. Ó ti pàdánù wúrà tó lé ní gíráàmù 3.6. Bí wọ́n bá fi 180,000 náírà ka gíráàmù kan, 660,000 náírà ló lọ yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọ́ ilé rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo alágbẹ̀dẹ ló ń ṣe èyí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kò lè tú u fó.

Omi lè tú u fó. Wúrà wúwo ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Bí omi tó kún ìgò kan bá jẹ́ kílógíráàmù kan, wúrà tó kún ìgò kan náà á jẹ́ 19.3, fàdákà á jẹ́ 10.5, bàbà nǹkan bíi 9, idẹ nǹkan bíi 8.5. Kéèyàn wá ìwọ̀n kékeré oníná tó lè ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù kan. Kó kọ́kọ́ wọn góòlù náà bó ṣe wà, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó gbé ife omi sórí ìwọ̀n, kó tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo. Kó wá so góòlù náà mọ́ òwú tín-ín-rín, kó fi ọwọ́ rọ̀ ọ́ sínú omi títí omi á fi bò ó, ṣùgbọ́n kó má ṣe kan ìdí ife, kó má sì kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n á ka iye kan. Kó fi iye yìí pín iye tó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Góòlù kárátì 22 tó jẹ́ gíráàmù 20 á ka nǹkan bíi 1.1 nínú omi, ìpín rẹ̀ á wà lágbègbè 17 ààbọ̀ sí 18. Èyí tí wọ́n ti bu wúrà nínú rẹ̀ á ka nǹkan bíi 1.3, ìpín rẹ̀ á ti wálẹ̀ sí bíi 15. Idẹ tí wọ́n fi omi góòlù bò á ka 2.3 sókè, ìpín rẹ̀ kò ní kọjá 9. Ẹni tó bá ṣe èyí kó tó gbé góòlù fún alágbẹ̀dẹ, tó tún un ṣe lọ́jọ́ tó gbà á padà, kò nílò láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ìṣirò méjèèjì á sọ̀rọ̀. Kó kàn rí i pé kò sí òkúta lára góòlù náà, pé inú rẹ̀ kò ṣófo, pé kò sì sí afẹ́fẹ́ róbótó kankan tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú omi, torí gbogbo ìwọ̀nyí ń ba ìṣirò jẹ́. Ìkìlọ̀ kan tún wà: irin kan ń jẹ́ túńsìtìnì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo déédéé bíi wúrà. Àwọn oníjìbìtì máa ń kì í sínú wúrà ńlá oníbúlọ́ọ̀kù, omi kò sì lè mú ìyẹn. Kì í sábà wà nínú ẹ̀gbà ọrùn tín-ín-rín.

Ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò fúnra wọn ń lò ni òkúta dúdú àti ásíìdì. Wọ́n á fi góòlù náà ha òkúta kó fi ilà sílẹ̀, wọ́n á kán ásíìdì náítíríìkì sí i. Ilà idẹ á hó, á sì pòórá. Kárátì 9 náà á tètè ṣá. Ti góòlù tó dára á dúró. Fún kárátì gíga, wọ́n ní oríṣiríṣi ásíìdì tó le jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ilà góòlù tí wọ́n ti mọ kárátì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fi wéra. Ẹni tó ní góòlù lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró wò ó, kí wọ́n má ṣe gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn. Kó sì jẹ́ kí wọ́n ha ibi tó ti jìn díẹ̀, torí omi góòlù tí wọ́n fi bo idẹ lè tan òkúta jẹ níwọ̀n ìgbà tí ilà kò bá tíì dé inú. Ní ti òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, góòlù kì í lẹ̀ mọ́ ọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n idẹ náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Fífi eyín bu góòlù jẹ wúlò nínú sinimá nìkan.

Nígbà tó bá wá kan títà, nǹkan mẹ́ta péré ni kí màmá béèrè: gíráàmù mélòó, kárátì mélòó, èló ni gíráàmù wúrà lónìí. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 20 kárátì 18, gíráàmù 15 ni wúrà inú rẹ̀, torí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni 18 nínú 24. Bí gíráàmù ògidì bá jẹ́ 180,000, ohun tó gbé wá jẹ́ 2,700,000 náírà. Ẹni tó ń rà kò ní san gbogbo rẹ̀, ó máa yọ owó yíyọ́ àti èrè tirẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ 2,700,000 lọ́kàn kò ní gba 900,000 pẹ̀lú ẹ̀rín. Owó iṣẹ́ ọnà tó san lọ́jọ́ tó rà á kò ní padà wá, torí ẹni tó fẹ́ yọ́ ọ kò bìkítà bóyá òdòdó ni wọ́n ṣe sí i tàbí àgbélébùú. Fún ìdí kan náà, ṣéènì tó ti já sí méjì àti yẹtí tó ku ẹyọ kan kò ní àbùkù kankan lójú ìwọ̀n, kárátì àti gíráàmù ni wọ́n ń rà. Kí wọ́n yọ òkúta ara rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fún un ní òkúta náà padà. Ìsípíríǹgì inú ìkọ́ ṣéènì sábà máa ń jẹ́ irin lásán, kò sí nínú owó.